Ọgbà Kan Láàrin Èkó: Ìṣèlú Orílẹ̀-èdè Olómìnira Kàlàkúta àti Ojú tí Ó fi Wo Ọ̀rọ̀ Àgbáyé

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn bá ń jíròrò lórí ètò ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń yí ká. Àwọn ìlú kéékèèké kì í sí nínú rẹ̀, àfi nígbà tí ogun bá kọjá lára wọn. Àbùkù kan wà nínú àṣà yìí. Ìlú ńlá kì í pẹ́ gbàgbé ìdí tí ó fi dá dúró, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń bi í. Ìlú kékeré ni wọ́n ń bi lójoojúmọ́ pé ta ni ó fún un láṣẹ.

Ìdànrè jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Kí àwọn ará Ìdànrè tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, orí òkè ni wọ́n tẹ̀dó sí. Àwọn òkúta ràgàjì ni ó yí ààfin Ọwá ká, ẹni tí yóò bá sì wọ ìlú ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè náà. Àpẹẹrẹ mìíràn ni Ayétòrò, ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan dá ìlú náà sílẹ̀ lórí omi. Wọ́n kó ohun-ìní wọn pọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n sì fi àṣẹ ìjọba lé olórí ìjọ wọn lọ́wọ́. Òkúta ni odi Ìdànrè, omi àti ìgbàgbọ́ sì ni odi Ayétòrò.

Ẹ̀kẹta irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ilé kan ni, ní Agege Motor Road, ní Ìdí-Òro ní àdúgbò Mùṣin ní Èkó, èyí tí onílé rẹ̀, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, pè ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Kàlàkúta. Wáyà ni odi tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ti kọ nípa Fẹlá ka ọ̀rọ̀ òmìnira yìí sí àwàdà olórin. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀: ọ̀rọ̀ ìṣèlú gidi ni, ó ní orísun nínú ìtàn Ẹ̀gbá, ó ní èrò tirẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ àgbáyé, ìdáhùn tí ìjọba Nàìjíríà fún un sì tú àṣírí ohun kan nípa ìjọba náà fúnra rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí kò ní fi àléébù Kàlàkúta pamọ́ pẹ̀lú.

Ohun tí ó ń sọ ibì kan di orílẹ̀-èdè

Nínú òfin àgbáyé, ìwé àdéhùn Montevideo ti 1933 ni àwọn amòfin sábà máa ń tọ́ka sí. Ohun mẹ́rin ni ó béèrè: àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ títí, ilẹ̀ tí ààlà rẹ̀ hàn, ìjọba, àti agbára láti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe pọ̀. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Kàlàkúta, kò pé ìwọ̀n. Ó ní ènìyàn àti ààlà, ó sì ní olórí kan, ṣùgbọ́n kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ó gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kàlàkúta nìkan kọ́ ni ó ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ní àkókò náà. Ní 1967, Roy Bates, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, gba ilé ogun àtijọ́ kan tí ó dúró sínú òkun ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ rẹ̀, ó sì pè é ní Sealand. Ní 1970, Leonard Casley, àgbẹ̀ ọlọ́kà kan ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, bínú sí ìwọ̀n tí ìjọba fi dá ọkà tí ó lè tà dúró, ó sì kéde oko rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Hutt River. Àwọn méjèèjì ní ohun tí Kàlàkúta kò ní: wọ́n tẹ ìwé ìrìnnà, wọ́n rọ owó, wọ́n sì tẹ sítáǹbù. Síbẹ̀, ìjọba tí wọ́n kọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ tàbí kí ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Hutt River pẹ́ tó 50 ọdún kí gbèsè owó-orí tó fi òpin sí i ní 2020. Ìjọba Ọsirélíà kò rán sójà sí oko náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Casley kéde ogun lé e lórí fún ọjọ́ díẹ̀ ní 1977. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sun Kàlàkúta. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn béèrè ju pé bóyá Kàlàkúta jẹ́ orílẹ̀-èdè lọ. Ìbéèrè náà ni pé, kí ni ó dé tí ìkéde rẹ̀ fi dun ìjọba tó bẹ́ẹ̀?

Orísun Kàlàkúta

A bí Fẹlá ní Abẹ́òkúta ní 1938. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ni ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta sílẹ̀. Àwọn òpìtàn ti sọ èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ ni irú ìlú tí Abẹ́òkúta jẹ́ nígbà tí wọ́n bí ìyá náà ní 1900.

Ní 1893 ni àwọn Ẹ̀gbá bá Gómìnà Carter ti Èkó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ìwé náà sì gbà pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá dá dúró. Láti 1898 ni Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá ti ń ṣe àkóso ara rẹ̀, tí ó ní akọ̀wé ìjọba, ilé-ẹjọ́ àti owó ibodè tirẹ̀. Ó di 1914, lẹ́yìn rògbòdìyàn Ìjẹmọ̀ nínú èyí tí àwọn sójà ìjọba amúnisìn yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí òmìnira yìí tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní kúkúrú, ìyá Fẹlá ti lé ní ọmọ ọdún 13 kí ó tó di ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Ìlú kékeré tí ó dá dúró kì í ṣe àlá nínú ìdílé náà. Ohun tí ojú òbí rí ni.

Nígbà tí Fẹlá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ó pàdé Sandra Smith, ẹni tí ó ti bá àwọn Black Panther rìn, tí ó sì fún un ní ìwé ìtàn ìgbésí-ayé Malcolm X kà. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ ni ojú òun ti là sí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí ó padà dé ní 1970, orin rẹ̀ yí padà. Àwọn olórin rẹ̀, àwọn oníjó, àwọn ẹbí àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n sá kúrò nílé wọn kó jọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1974 àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé náà nítorí igbó. Nínú yàrá àtìmọ́lé tí wọ́n fi Fẹlá sí ni ó ti bá orúkọ Kàlàkúta pàdé, nítorí pé orúkọ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń pe yàrá náà nìyẹn. Ó gbé orúkọ ẹ̀wọ̀n, ó fi sọ ilé. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, ó já Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Ìṣe méjèèjì bára wọn mu. Ó mú orúkọ ibi tí ìjọba ti fi ìyà jẹ ẹ́, ó sì jáwọ́ nínú orúkọ tí ó rí gẹ́gẹ́ bí ti ẹrú.

Ìṣèlú inú ọgbà

Ohun tí Kàlàkúta ṣe fún àdúgbò rẹ̀ kò kéré. Àbúrò Fẹlá, Dókítà Bẹ́kọ Ransome-Kútì, ní ilé ìwòsàn níbẹ̀ tí ó ti ń tọ́jú àwọn mẹ̀kúnnù lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, Young African Pioneers, tí ó ń tẹ ìwé ìròyìn jáde láti ṣàlàyé èrò ọgbà náà fún ará ìta. Ní òdìkejì ọ̀nà, nínú Afrika Shrine ní Empire Hotel, Fẹlá a máa dá orin dúró láti bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ń lọ nínú ìlú. Àpérò ìlú ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání.

Ibi tí àléébù náà wà nìyẹn. Kàlàkúta pe ara rẹ̀ ní ìjọba láìsí ọba, ṣùgbọ́n kò sí ìdìbò níbẹ̀, kò sì sí ìgbìmọ̀ tí ó lè yẹ ọ̀rọ̀ Fẹlá dànù. Òun ni adájọ́, òun ni ó ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá rú òfin ilé. Ipò àwọn obìnrin ni ó tún burú jù. Ní oṣù kejì ọdún 1978, Fẹlá gbé obìnrin 27 níyàwó lọ́jọ́ kan. Àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn sọ pé ó fi èyí dá ẹ̀tọ́ padà fún àwọn obìnrin tí àwọn sójà ti bà lórúkọ jẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà ṣe é fi àṣẹ gbogbo sọ́wọ́ ọkọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìyá àti ọmọ hàn gbangba níhìn-ín. Àwọn obìnrin ọjà tí ìyá náà kó jọ ní Abẹ́òkúta ní ìpàdé àti ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n sì ń sọ tẹnu wọn. Àwọn obìnrin Kàlàkúta ń kọrin tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀ fún wọn. Kò bójú mu kí onímọ̀ ìtàn yin ọ̀rọ̀ òmìnira ọgbà náà kí ó sì dákẹ́ lórí èyí.

Kàlàkúta àti ọ̀rọ̀ àgbáyé

Nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùwádìí kíyè sí ni bí Kàlàkúta àti ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe súnmọ́ ara wọn tó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, ìjọba Múrítàlá Muhammed gbà MPLA gẹ́gẹ́ bí ìjọba Àǹgólà, láìka ohun tí Amẹ́ríkà fẹ́ sí. Ní oṣù kìíní ọdún 1976, Múrítàlá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ní Addis Ababa, ó sì jẹ́ kí àwọn alágbára ayé mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ní 1979, ìjọba Ọbásanjọ́ gba ilé-iṣẹ́ epo BP mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nítorí ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí Fẹlá kò lè fọwọ́ sí. Kwame Nkrumah, tí ìyá rẹ̀ mọ̀ dáadáa, ni àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ìṣọ̀kan Áfíríkà ni ó ń wàásù. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó ń bú.

Níbo ni ọ̀nà wọn ti wá pín? Wọ́n pín síbi ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà fún. Ojú ìjọba ni pé òmìnira jẹ́ ohun tí orílẹ̀-èdè kan ń gbà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn. Bí Àǹgólà bá ti bọ́ lọ́wọ́ Pọtogí, ọ̀rọ̀ parí. Ojú Kàlàkúta ni pé ẹni tí sójà ń nà ní ìkóríta Ojúẹlẹ́gbà kò tíì gba òmìnira, ẹnikẹ́ni tí ì báà jókòó sí Dodan Barracks. Àwo orin Zombie tí ó jáde ní 1976 kò dárúkọ ààrẹ tàbí mínísítà kankan. Ìgbọràn sójà, ìgbọràn tí kì í bi ìdí, ni ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kọjá Nàìjíríà: nígbà tí Fẹlá lọ kọ ọ́ ní Accra ní 1978, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ìjọba ológun Gánà sì lé e jáde.

Àjọ̀dún FESTAC ni ó fi ìpínyà yìí hàn jù. Láti 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì ọdún 1977, Nàìjíríà gba àlejò aláwọ̀ dúdú láti gbogbo àgbáyé. Fẹlá ti wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń múra sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí àjọ̀dún ń lọ lọ́wọ́, ó ń ṣeré ní Shrine lálaalẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin tí wọ́n wá láti òkèèrè sì ń wá wò ó. Ní ti gidi, àlejò ìjọba ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ àlàyé nípa Nàìjíríà láti ẹnu ẹlòmíràn. Bí ohun kan bá wà tí ó jọ pé Kàlàkúta ní ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, oṣù kan yẹn ni. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí ni àwọn sójà dé.

Èrò Fẹlá nípa àgbáyé tún jinlẹ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Ní 1980, nínú ITT, ó fi ẹ̀sùn kan àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ òkèèrè pé wọ́n ń lo ọmọ onílẹ̀ láti fi kó ọrọ̀ ilẹ̀ lọ. Ní 1989, nínú Beasts of No Nation, ó kọjú sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àlàyé rẹ̀ ṣe kedere: kò lè sí ìṣọ̀kan níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti lè wọ́gi lé ohun tí gbogbo àwọn yòókù fẹnu kò sí. Ó tún kọ̀ pé ìjọba ni ó ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ohun-ìní ẹni ni, ẹnìkan kì í sì í fi ohun-ìní ẹni ta ẹni lọ́rẹ. Reagan, Thatcher àti Botha wà nínú àwòrán ẹ̀yìn àwo náà, àwọn ọ̀gá Nàìjíríà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àkójọpọ̀ yìí ni kókó èrò rẹ̀: ìwà ìkà kò ní orílẹ̀-èdè.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà kò dọ́gba nígbà gbogbo. Nínú ìwé tí Carlos Moore kọ nípa ìgbésí-ayé rẹ̀ ní 1982, Fẹlá sọ̀rọ̀ Idi Amin ní rere, nítorí pé ó rí i bí ẹni tí ó ń fi òyìnbó ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó kọ̀ pé òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó nìkan kò tó ní Èkó gbà pé ó tó ní Kampala. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé jíjìnnà síbi tí ìyà wà lè fọ́ ojú ẹni tí ó ríran jù.

Ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977

Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjà náà kò tó nǹkan. Aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ lójú títì láàrin ọmọ ilé Kàlàkúta kan àti àwọn sójà. Ọmọ náà sá wọ ọgbà, àwọn sójà ní kí wọ́n fà á jáde, wọ́n sì kọ̀. Kò sí ìwé àṣẹ láti ilé-ẹjọ́, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá ni ó wá. Láìpẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sójà láti Abalti Barracks, tí Fẹlá pè ní ẹgbẹ̀rún kan, yí ilé náà ká. Wọ́n na àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀, wọ́n ju ìyá Fẹlá, ẹni ọdún 76, láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì dáná sun gbogbo rẹ̀, títí kan ilé ìwòsàn tí àwọn tálákà ń lò. Ìyá náà kú ní 13 oṣù kẹrin ọdún 1978.

Ẹ̀kọ́ kan wà níhìn-ín fún ẹni tí ó bá ń fi òfin wo ọ̀ràn náà. Kíkọ̀ láti fa ẹni tí ó sá wọlé jáde ni ìwà kan ṣoṣo tí Kàlàkúta hù gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń béèrè ẹni náà kò wá lórúkọ òfin Nàìjíríà. Bárékè ni ó bá ọgbà jà. Òfin kò sí lọ́dọ̀ ìkankan nínú wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà gan-an, ìpàdé àgbáyé lórí bí wọn yóò ṣe gbógun ti ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jókòó ní Èkó, Nàìjíríà sì gba àlejò rẹ̀ pẹ̀lú ọlá. Ilé tí ó jó ní Ìdí-Òro kò jìnnà sí ibi ìpàdé náà.

Ẹjọ́ náà àti ọ̀rọ̀ kábíyèsí

Ìjọba yan ìgbìmọ̀ olùwádìí lábẹ́ Adájọ́ Kalu Anya. Ohun tí ìròyìn rẹ̀ sọ ni pé sójà tí ẹnìkan kò mọ̀, tí inú ń bí, ni ó dáná náà. Ìdílé Ransome-Kútì pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, wọ́n béèrè mílíọ̀nù 25 náírà. Wọ́n pàdánù ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ó sì parí síbẹ̀ ní 1985, nígbà tí Fẹlá wà lẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn adájọ́ kò sọ pé ìwà àwọn sójà tọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, títí di ìgbà tí Ìwé Òfin 1979 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìlànà òfin Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní ọba kò lè ṣẹ̀ ni ó ń dáàbò bo ìjọba Nàìjíríà. Wọn kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ fún irú ìwà ìkà bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó, tí ó ka ìdájọ́ pàtàkì, kò fi pamọ́ pé ọ̀ràn náà dun òun.

Ohun méjì ni ìdájọ́ yìí fi hàn. Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti fi òfin 1947 pa ìlànà náà rẹ́ nílé tirẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ṣáájú iná Kàlàkúta. Ní orílẹ̀-èdè tí ó ń lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò nídìí epo, agbádá tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ sílẹ̀ ni ìjọba ṣì wọ̀. Fẹlá ti ń fi orin sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé àwọn amúnisìn ti lọ ṣùgbọ́n èrò wọn kò lọ. Kò sí àwo orin rẹ̀ tí ó fi ẹ̀rí èyí hàn tó ìwé ìdájọ́ náà.

Èkejì kan Yorùbá gan-an. Ó rọrùn láti sọ pé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì yìí kò yàtọ̀ sí kábíyèsí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn túmọ̀ kábíyèsí sí pé kò sí ẹni tí ó lè bi ọba. Ìtàn kò gbè é. Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ Aláàfin, Aláàfin tí wọ́n bá sì kọ̀ ní láti kú. Àwọn Ògbóni lè dá ọba Ẹ̀gbá lẹ́kun. Bí a bá ní kò sí ẹni tí ó lè bi ọba lójúde, ẹni tí yóò bi í wà ní ìkọ̀kọ̀. Ní Abẹ́òkúta, ìyá Fẹlá mú ìbéèrè náà jáde sí gbangba: láti 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin dìde lórí owó-orí títí tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi gbé adé sílẹ̀ ní 1949, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà sórí oyè ní 1950. Ìlànà tí ilé-ẹjọ́ lò kò ní irú ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀. Ó le ju kábíyèsí lọ. Obìnrin tí ó bi Aláké ní ìbéèrè tí Aláké sì dáhùn ni wọ́n jù láti ojú fèrèsé ní Kàlàkúta. Nígbà tí ìdílé rẹ̀ béèrè ìdí, wọ́n ní ìjọba kì í dáhùn.

Lẹ́yìn iná

Lẹ́yìn 1977, Fẹlá gbìyànjú láti gba ọ̀nà ìṣèlú tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Ó dá ẹgbẹ́ Movement of the People sílẹ̀, ó sì fẹ́ díje fún ipò ààrẹ ní 1979. Ẹgbẹ́ márùn-ún péré ni FEDECO, àjọ elétò ìdìbò, gbà wọlé, tirẹ̀ kò sì sí nínú wọn. Ní 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ìjọba Ọbásanjọ́, ó gbé pósí lọ sí ẹnu ọ̀nà Dodan Barracks láti fi ṣe ìrántí ikú ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Ìwé Òfin tí ó fòpin sí ààbò ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àsìkò ti kọjá fún ẹjọ́ Kàlàkúta, ṣùgbọ́n kò kọjá fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Fẹlá jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 1986, ó sì tú ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ó ṣẹ́kù ká. Ó ní kò yẹ kí ẹnìkan ní ẹlòmíràn ní ìní. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó jẹ́ àtúnṣe kan ṣoṣo tí ó ṣe sí òfin inú ọgbà náà. Ó kú ní 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ilé tí ó gbé kẹ́yìn ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n sin ín sí, ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ràn lọ́wọ́ láti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kàlàkúta ní 2012.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí òfin àgbáyé tí ó lè sọ Kàlàkúta di orílẹ̀-èdè, àpilẹ̀kọ yìí kò sì gbìyànjú láti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ti fi hàn ni pé ìkéde náà jẹ́ ìbéèrè tí ó ní gbòǹgbò nínú ìtàn Ẹ̀gbá, pé ojú tí ọgbà náà fi wo àgbáyé bá ti ìjọba mu níbi púpọ̀, àti pé ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni ẹni tí òmìnira wà fún. Ó tún ti fi hàn pé olórí ọgbà náà kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ó ń bi àwọn ẹlòmíràn, ní ilé rẹ̀ àti lórí ọ̀rọ̀ Uganda.

Ìdànrè fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá darapọ̀ mọ́ ayé tí ó yí i ká, Ọwá sì wà síbẹ̀ títí di òní. Ayétòrò ṣì ń bá òkun jà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Sójà kò dáná sun ọ̀kan nínú wọn. Bí ìlú kékeré ṣe ń rí lọ́wọ́ ìlú ńlá ni òṣùwọ̀n tí ó dára jù láti fi mọ ìlú ńlá náà. Òwe Yorùbá sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún Kàlàkúta, ẹwà náà wà nínú Ìwé Òfin tí ó jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè pe ìjọba rẹ̀ lẹ́jọ́. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ ìtàn ni láti wádìí iye ìgbà tí wọ́n ti lo ẹ̀tọ́ náà láti 1979, àti iye ìgbà tí ìjọba dáhùn.